Ẹ̀fọ́ Inú Ike Ọ̀dà

Ọjọ́ kẹta rèé. Ọjọ́ kẹta tí Oyèbọ́lá, ọmọ mi, kò tíì yàgbẹ́, tó ń jókòó sórí póò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kú, tí nǹkan kan kò jáde. Ta ni ọmọ náà sì ń béèrè? Kì í ṣe èmi. "Mọ́mì, ìgbà wo ni Ìyá Ruqoyah máa dé?" Ìyá Ruqoyah! Àdìzát tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Joju níbí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Láti ọjọ́ Wẹ́sídeè tó ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Àtàn ni gbogbo nǹkan ti dàrú. Àbí èmi ni mo dàrú?

Mi ò dàrú. Mo fara balẹ̀. Omi ń hó lórí sítóòfù, mo dúró sẹ́yìnkùlé, mo ń wo àwọn ike ọ̀dà tí Àdìzát gbin ẹ̀fọ́ sí, tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹfinrin, ewúro, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀... Kí ló kàn mí? Ẹ̀fọ́ lásán. Èmi náà dàgbà ní Ìkìrun, oko ló wà lẹ́yìn ilé wa. Kí ni Àdìzát mọ̀ tí mi ò mọ̀?

Kí ló mọ̀ ná? Pé tí ọmọ bá jí, kó mu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ kó tó fẹnu kan nǹkan. Pé ìbẹ́pẹ pípọ́n máa ń jẹ́ kí inú rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà tí ọmọ ò fi ní ráyè ṣà á dànù. Dókítà Àdìzát! Aránṣọ ni o, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń ráyè wo ọmọ. Èmi tí mo ń dúró fún wákàtí méjìlá nílé iṣẹ́ bísíkíìtì, tí ariwo ẹ̀rọ ṣì ń dún létí mi tí mo bá délé, ìgbà wo ni mo fẹ́ já tẹ̀tẹ̀? Èmi náà ni mo gbé ọmọ fún un. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o títí màá fi dé."

Ó sì mójú tó o. Ó mójú tó o jù.

Cornelius ọkọ mi... "Wo bí ara ọmọ yìí ṣe ń dán! Ìyá Ruqoyah mà ń gbìyànjú o." Ojú mi ló ti sọ ọ́. Mi ò tíì bọ́ bàtà ibi iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Olúwa á san án fún wọn. Ẹnu lásán. Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́: mò ń jowú Àdìzát. Mò ń jowú rẹ̀ débi pé tí mo bá gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi láti yàrá rẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn wa pa.

Tẹ́lẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń dúró dè lọ́jọ́ Fúráídeè. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń pín bísíkíìtì tó bá fọ́ fún àwa òṣìṣẹ́, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ilé á sáré pàdé mi ní géètì, Oyèbọ́lá á ṣíwájú, á máa pariwo pé, "Mọ́mì mi ló ṣe é!" Mọ́mì mi ló ṣe é... Kò sóhun tó dùn mọ́ mi tó yẹn. Àfi bí mo ṣe na ọ̀rá sí i lóṣù tó kọjá, tó wò ó, tó ní, "Ìyá Ruqoyah ní ẹyọ méjì péré ni kí n máa jẹ, kí inú mi má baà le." Ọmọ ọdún márùn-ún! Ṣé májèlé ni mò ń gbé wálé ni?

Nítorí náà, nígbà tí ìsinmi mi bọ́ sí ọjọ́ tí Àdìzát ń rìnrìn àjò, mo ní ó tó. Ọmọ mi á padà sọ́dọ̀ mi. Bísíkíìtì pẹ̀lú tíì láàárọ̀, bísíkíìtì lọ́sàn-án, nígbà tílẹ̀ bá tún ṣú, kó tún mú. Ó jẹ ẹ́! Ẹnu rẹ̀ kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fara tì mí. Àdìzát fi ìbẹ́pẹ kan sílẹ̀ kó tó lọ. "Ìyá Oyèbọ́lá, ẹ máa gé e fún un láràárọ̀ o." Mo ní ẹ ṣé o, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mo gbé e sórí fèrèsé. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ń rà, eṣinṣin ti bò ó.

Ó yẹ kí n já ẹfinrin yẹn báyìí. Kí n sè é, kó mu ún, kí inú rẹ̀ fúyẹ́ kí Àdìzát tó dé lọ́sàn-án... Ọwọ́ mi wà lára ewé, mi ò já a. Kí ló dé? Ta ni mò ń dúró dè?

Cornelius ni. Mò ń dúró kó ti ibi tó lọ dé, kó bá ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un sílẹ̀, mò ń tún un tò láti àárọ̀: "Dádì Oyèbọ́lá, ṣé ẹ rí i? Gbogbo ewé tí obìnrin yẹn ń fún un ló dà á níkùn rú." Ó dùn lẹ́nu mi. Ó ti ń dùn láti ìgbà tí ọmọ náà ti wò mí lórí póò, tí omi lé ròrò lójú rẹ̀, tó ní, "Mọ́mì, inú ń run mí." Kí ló kọ́kọ́ mú mi nígbà yẹn? Kì í ṣe àánú. Kì í ṣe ìbẹ̀rù... Olúwa ò, ayọ̀ ni. Mo ní lọ́kàn mi pé ọwọ́ ti bà á, ọwọ́ ti ba Àdìzát.

Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ mi níyàrá, ó ń kérora. Omi ti fẹ́ gbẹ tán nínú ìkòkò. Àdìzát wà ní Àtàn, kò mọ nǹkan kan, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi nìkan ni mò ń jà, ikùn ọmọ mi ni mo sì fi ń jà á.