Ó Ti Jinná, Ẹ Gbé E Jáde

“Sọ fún ọkọ rẹ pé ó fọ́jú!”

Ohùn Ìyá Búrẹ́dì ta jáde nínú fóònù bí ìgbà tí ata ta síni lójú. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù jìnnà sí etí díẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì di àpò yìnyín mú, ó wá na ọrùn síwájú, níbi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

“Kóòṣì, Màmá ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn wo apá òsì.”

“Ṣé bí wọ́n ṣe wí i nìyẹn?”

“Ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn.”

Kóòṣì mirí, ó yíjú padà sí pápá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí bẹ́ńṣì fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wọn pé bí wọ́n bá rán ọmọbìnrin yìí níṣẹ́ ẹrú, tọmọ ni yóò fi jẹ́ ẹ.

Ìyá rẹ̀ ló ni ilé búrẹ́dì tó tóbi jù nílùú. Òun náà ló ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú nígbà tí apá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò ká a mọ́. Ó rà á tán, ó wá ń darí rẹ̀ bí ẹni ń darí ààrò. Ìdájí làwọn agbábọ́ọ̀lù ń dé pápá, nítorí ìdájí ni búrẹ́dì ń jáde. Ó pa aṣọ ẹgbẹ́ dà sí pupa àti funfun, àwọ̀ ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀. Kóòṣì tí kò bá tètè wú, yóò dà á nù, yóò po tuntun. Ó ti da mẹ́ta nù kó tó wá kan ọkọ ọmọ rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kò sì dákẹ́ sí i. Kò sí ọjọ́ ìdíje tí wọn kì í gbé pátákó ńlá dání pé BỌ́Ọ̀LÙ KÌ Í ṢE ÌYẸ̀FUN.

Èyí tó wá le jù ni ọ̀rọ̀ Arẹwà. Iwájú ni Arẹwà ń gbá, ojú rẹ̀ ni Ìyá Búrẹ́dì sì tẹ̀ sára ọ̀rá. Láti ọjọ́ náà ló ti di èèwọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò lórí pápá, ìbáà rẹ̀ ẹ́, ìbáà má rẹ̀ ẹ́.

“Àbí wọ́n máa ń yọ ojú kúrò lára ọ̀rá ni?” Ìyá Búrẹ́dì bi Kóòṣì lọ́jọ́ tó ṣòfin náà.

Kóòṣì dọ̀bálẹ̀, ó ní rárá, Màmá. Àna ni, kí ni ì bá wí?

Ìyá Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ mọ ìwà hù. Kò jẹ́ bú àna rẹ̀ lójú láyé. Yàrá onígíláàsì tó wà lókè ló máa ń jókòó sí, á pe fóònù tó rà fún ọmọ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí nìkan, kí ọmọ lè máa bá a bú u. Láàárọ̀ ọjọ́ náà pàápàá, ó yà sílé wọn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, àfi ká borí lónìí. Bí a ò bá borí, líìgì kejì la máa já bọ́ sí. Kí ọkọ rẹ yáa lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní ọ́fíìsì.” Bẹ́ẹ̀ Kóòṣì wà nídìí ìfọwọ́ níbẹ̀, tó ń fọ abọ́.

Ìdíje wá kù díẹ̀ kó parí báyìí, kò sẹ́ni tó tíì gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Arẹwà ti ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láàárín pápá bí ẹni tó ń wá bàtà tó sọnù. Lẹ́bàá pápá, Ìjì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, ń na ẹsẹ̀, ó ń fò sókè sódò, kó lè múra sílẹ̀ bí wọ́n bá pè é.

Fóònù tún dún.

“Èyí tó ń làágùn yẹn ti jinná,” ni Ìyá Búrẹ́dì wí. “Ẹ gbé e jáde!” Ó sì pa fóònù.

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. Ìjì ń làágùn. Arẹwà náà ń làágùn.

Kò rú u lójú o. Orí àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nílé búrẹ́dì, bí wọ́n bá ní ó ti jinná, ẹ gbé e jáde, ó tó ọjà nìyẹn, kó bọ́ síta kí aráyé rí i. Ìjì ni ìyá rẹ̀ ń wí. Ó fẹ́ kí Ìjì wọlé, kí Ògiri tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn sì jáde fún un, torí góòlù ni wọ́n ń wá, Arẹwà kò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn oníbọ́ọ̀lù, ẹni tó bá ti jinná ti tán nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ẹ gbé e kúrò lójú ẹni.

“Kí ni Màmá wí?” Kóòṣì bi í, kò yíjú.

Nọ́ọ̀sì la ẹnu láti tún ọ̀rọ̀ náà rọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó wo ọrùn tó ti rù nínú kọ́là ẹ̀wù. Ó pa ẹnu dé. Ó tún un là.

“Màmá ní èyí tó ń làágùn yẹn ti jinná. Ẹ gbé e jáde.”

Kóòṣì yí padà bìrí. Ojú rẹ̀ bá Arẹwà, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, tí òógùn ń kán tótó ní àgbọ̀n rẹ̀.

“Màmá? Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀? Tún un sọ.”

“Èyí tó ń làágùn yẹn ti jinná. Ẹ gbé e jáde. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀.”

“Olúwa ṣeun! Ìjì! Máa bọ̀ ńbí! Ìwọ lo fẹ́ rọ́pò Arẹwà!”

Ariwo sọ ní gbogbo pápá. Arẹwà fúnra rẹ̀ wá, ó jókòó gbìì sórí bẹ́ńṣì, ó ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rántí mi.” Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíkankíkan. Nọ́ọ̀sì tì í sábẹ́ àpò yìnyín.

“Ṣé ẹ ò ní gbé e ni?” Arẹwà bi í.

“Ó ti gbóná jù. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀.”

Kò pẹ́ tí Ìjì fi lé bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo ayé ti gbà pé ó ti jáde. Ó bá a, ó fi ẹsẹ̀ gbọ́n ọn sókè. Ògiri ti sáré wá síwájú, ó kọ̀yìn sí bọ́ọ̀lù, ó ń jágbe mọ́ ẹnì kan pé kó lọ dúró sí ààyè òun lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù bà á ní ìpàkọ́ pàá, ó sì wọlé. Ògiri nìkan ni kò rí i. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, àwọn tó gbé pátákó ti sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń kọrin pé, “Ìyá gbọ́n! Ìyá Búrẹ́dì gbọ́n!” Ta tún ni ì bá gbà kí wọ́n yọ Arẹwà bí kò ṣe òun?

Nọ́ọ̀sì ń fi yìnyín sí ìpàkọ́ Ògiri ní yàrá ìtọ́jú nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé.

“Ìwọ ọmọ yìí. Kí ni mo rán ọ?”

“Ẹ ní èyí tó ń làágùn ti jinná, kí wọ́n gbé e jáde.”

“Kí lo wá sọ fún un?”

“Mo ní èyí tó ń làágùn ti jinná, kí wọ́n gbé e jáde.”

“Ìjì ni mo ń wí! Kí Ìjì wọlé, kí Ògiri jáde!”

Ògiri la ojú kan lórí ibùsùn. “Èmi kẹ̀, Màmá?”

“Ìwọ máa sùn!” Ìyá Búrẹ́dì sún mọ́ ọmọ rẹ̀. “Orí àpò ìyẹ̀fun ni mo ti wò ọ́. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o ò mọ ohun tí jinná jẹ́ ni?”

“Mo mọ̀, Màmá.”

“O mọ̀?”

“Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń tún ọ̀rọ̀ yín rọ kí n tó sọ ọ́. Lónìí, mi ò tún un rọ.” Ó nu omi yìnyín kúrò lára fóònù, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá rẹ̀. “Ẹ gbà, Màmá. Mi ò jíṣẹ́ mọ́. Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ fún Kóòṣì, àyè wà lórí bẹ́ńṣì. Ẹ wá jókòó tì í, kí ẹ bá a sọ ọ́ lójú.”

“Kí n jókòó síbẹ̀, kí n máa bú àna mi lójú gbogbo ayé? Kí wọ́n máa pè mí ní kí ni?”

“Ohun témi náà rò nìyẹn, Màmá.”

Ètè Ìyá Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì rò pé ìbínú ni, àfi bí ẹ̀rín ṣe bú jáde. Ìyá rẹ̀ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹni bá ní èmi kọ́ ni mo bí ọ, irọ́ ló pa.”

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Kóòṣì já wọlé, tòun ti ẹrẹ̀ lára, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Màmá, ẹ ṣeun! Ọpọlọ yín pé! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ yọ Arẹwà, ẹ̀rù yín ni ò jẹ́!”

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá gba ọpẹ́ yìí, fóònù á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bó bá sì fi bínú, a jẹ́ pé kí wọ́n lọ palẹ̀ ẹrù ọ́fíìsì mọ́.

Ìyá Búrẹ́dì wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ. Ó sọ fóònù sínú àpò, ó sì fa ṣíìpù rẹ̀ pa.

“Dìde, àna mi, ilẹ̀ tutù. Èmi kọ́ ni mo yọ ọ́. Ìwọ ni. Iṣẹ́ rẹ sì ni.”

“Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní...”

“Bi ìyàwó rẹ bẹ́ ẹ bá délé.” Ó kọrí sí ilẹ̀kùn, ó wá dúró. Orin àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ti dé abẹ́ fèrèsé. “Àwọn tó ń kọrin níta yìí ńkọ́? Ṣé kí n lọ sọ fáwọn náà pé èmi kọ́?”

Nọ́ọ̀sì tẹ́tí sí orin náà.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ díẹ̀ sí i ná, Màmá.”