Oògùn Inú Agolo Bọ́tìnnì

"Bí ọ̀run bá ń ya bọ̀, màá kọ́kọ́ gbé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mi mì kí n tó sá," aránṣọ kan fọ́nnu fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. "N ò fo ọjọ́ kan rí."

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán lójú ara rẹ̀ láìtíì tó àsìkò nǹkan oṣù, ẹ̀rù sì ń bà á pé àìsàn ńlá ni.

"Níbo lẹ ń tọ́jú ẹ̀ sí, àǹtí?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Inú agolo bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù."

Nọ́ọ̀sì yẹ páálí oògùn tí aránṣọ mú wá wò. Gbogbo ti ọjọ́ Àìkú jókòó síbẹ̀ bí àna.

"Ẹ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú?"

"Rárá o," aránṣọ dáhùn.

"Ó jọ pé fífò yẹn ló fà á," nọ́ọ̀sì sọ. "Ẹ máa lò ó lójoojúmọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dá, ẹ padà wá. Ọ̀run tó ń ya bọ̀ wá ńkọ́?"

Aránṣọ ti kó bàtà sọ́wọ́, ó ń sá lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ẹni pé ọ̀run ti ń ya bọ̀ lóòótọ́.