Ìǹṣì Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Agnes

Mo ní orogún. Agnes lorúkọ rẹ̀. Ọkọ̀-ilé ni, Delmer ọkọ mi ló sì fún un lórúkọ yẹn nígbà tó rà á ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní sítóòfù, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó jẹ́ pé tí mo bá jókòó síbẹ̀, orúnkún mi á máa kan ilẹ̀kùn. Gbogbo Sátidé ni Delmer ń fi aṣọ rírọ̀ nu ara Agnes. Èmi, ta ló ń nu ara tèmi?

Gbogbo ohun rere tí mo rí gbà lára Agnes, ìjà ni mo fi gbà á. Fèrèsé tó ṣeé ṣí, ìjà ni. Pákó tuntun tí Delmer tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá, nítorí pé òtútù ilẹ̀ àtijọ́ ń mú mi lẹ́sẹ̀, oṣù méjì ni mo fi jà fún un. Torí náà, nígbà tí Delmer fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun máa ta Agnes, díẹ̀ ló kù kí n ké sí gbogbo àdúgbò.

Àdéhùn wa ò le rárá. Nínú ìdílé wa, ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbà ni ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan ti máa ń gun Ẹṣin Wèrè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹṣin Wèrè ni ọkọ̀ ojú irin kan tó ń já ṣòòròṣò láti òkè nínú ọgbà eré kan ní Missouri, ìrìn odidi ọjọ́ kan sí ilé wa ní Iowa. Ọmọ tí kò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, wọn ò ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Delmer ti fa ìlà dúdú kan sára òpó ilẹ̀kùn Agnes láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin géérégé. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá ti kan ìlà yẹn á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, a ó sì gbéra. Mẹ́rin ti gùn ún. Ó wá ku Tess, ọmọ ọdún méje, àbíkẹ́yìn Roxanne ọmọ wa. Ìrìn àjò Tess ni ìkẹyìn. Tí a bá ti padà, ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa á wá gbé Agnes lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Gbogbo Sọ́ńdè ni Tess ń wá dúró ti òpó yẹn. Nínú oṣù karùn-ún, orí rẹ̀ kan ìlà. Ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Delmer ń nu ojú, èmi ń jó.

Ọjọ́rú la gbéra, èmi àti Delmer, Roxanne àti Tess. Delmer ń wa Agnes bí ẹni gbé ẹyin sí itan, gbogbo tírélà tó wà lójú pópó ló fun fèrè sí wa.

"Bàbá àgbà, ọkọ̀ tó ń gbé màlúù ti kọjá wa," Tess sọ.

"Jẹ́ kó máa lọ. Ta ló ń lé e?"

Nírọ̀lẹ́, a dé ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀-ilé ń sùn sí. Ẹni tó bá mọ irú ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí eré tó dùn mọ́ wọn ju kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n máa wo àlejò tó ń fi ẹ̀yìn wọlé. Bí Delmer ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn báyìí, bàbá mẹ́ta dìde pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́.

"Yí i sí òsì, bàbá."

"Má dá a lóhùn, ọ̀tún ni."

"Ẹ fi í sílẹ̀, tábìlì yẹn ló fẹ́ kọlù, ẹ ò rí i?"

Ó kọlù ú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ló wá kan mímú kí ilẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, torí Delmer kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu kan oúnjẹ títí Agnes fi máa dúró láì tẹ̀ sápá kan. Ó ń ti pákó sábẹ́ táyà, ó ń yọ ọ́, ó ń wọn ilẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ebi ń pa wá kú lọ.

"Ó ti tó, Delmer."

"Ó fi ìdajì ìǹṣì tẹ̀ sápá kan. Ìdajì ìǹṣì kì í ṣe nǹkan kékeré, Lorna."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ṣí ọgbà eré náà la wọlé, ìdí Ẹṣin Wèrè la sì gbà lọ tààrà. Tess ò wo ohun mìíràn. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbé ọ̀pá ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ó ku ìǹṣì kan."

"Ìǹṣì kan báwo? Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n."

"Mo gbọ́, sà. Ó ku ìǹṣì kan."

Tess na ọrùn títí iṣan fi yọ níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó rọra fọwọ́ tẹ irun rẹ̀, ibì kan náà ló ń já sí. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ti ń kùn.

"Ọ̀pá yín ló bàjẹ́," Delmer sọ. Ó di ọwọ́ Tess mú, ó kó gbogbo wa padà sí ibi tí Agnes wà, nínú oòrùn tó ń ta bí ata.

Nígbà tí a débẹ̀, Tess dúró ti òpó. Orí rẹ̀ kan ìlà.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" Delmer fa téèpù rẹ̀ yọ lábẹ́ ìjókòó, ó wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìdí ìlà. Ó tún un wọ̀n. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀n.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta," ó sọ, "àti ìǹṣì mọ́kànlá."

"Ṣé ìlà náà ló wálẹ̀ ni?" Roxanne béèrè.

Delmer ń wo ilẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí. Ìlà ò wálẹ̀, ilẹ̀ ló gòkè. Pákó tí mo fi oṣù méjì jà fún nípọn tó ìǹṣì kan, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rántí sún ìlà sókè.

"Pákó ẹ ni, Lorna."

"Pákó mi? Ta ló kàn án?"

"Ta ni òtútù ń mú lẹ́sẹ̀?"

"Ìwọ tí ò jẹ́ ká jẹun lánàá nítorí ìdajì ìǹṣì, odidi kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ, o ò rí i."

"Mọ́mì, Dádì, ẹ jọ̀ọ́," Roxanne sọ. "Ẹ wo ọmọ."

Tess ò sunkún. Ó ń fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ lára òpó.

"Ìyá àgbà," ó sọ, "tí ọkùnrin yẹn bá gbé Agnes lọ ní Sátidé, ṣé ó máa pa orúkọ mi rẹ́?"

Inú bí mi. Inú bí mi sí Delmer, sí pákó, sí ọ̀pá, sí ẹsẹ̀ ara mi. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí n bọ́ lọ́wọ́ orogún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àdéhùn sì ni àdéhùn. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Delmer ò bẹ̀ mí. Ó kàn ń fa téèpù jáde, ó ń dá a padà, kò wo ojú mi. Mo wá rí i pé mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ju bí mo ṣe kórìíra Agnes lọ, ó sì dùn mí gan-an pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Gbé bírò wá," mo sọ.

Mo fa ìlà tuntun, ìǹṣì kan lókè ti àtijọ́.

"Orúkọ mi ńkọ́?" Tess béèrè.

"Kò kúrò níbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá bá a. Delmer, pe ọkùnrin yẹn. Sọ fún un pé Agnes ò tíì ráyè."

Delmer fun imú fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ kékeré nínú ọgbà eré la wá lọ wọ̀, orúnkún Delmer fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Láti ìgbà yẹn, mò ń bọ́ Tess. Ẹyin méjì láàárọ̀, mílíìkì lọ́sàn-án, mílíìkì lálẹ́. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ga.

Sọ́ńdè tó kọjá, yìnyín ti bo gbogbo àgbàlá wa. Mo wà nínú Agnes pẹ̀lú Tess, a fẹ́ wò ó bóyá ó ti fi díẹ̀ gòkè. Delmer wọlé pẹ̀lú rọ́ọ̀gì kan lórí èjìká, ó nípọn bíi bẹ́ẹ̀dì.

"Lorna, ẹsẹ̀ ẹ ni mo ro. Ṣé òtútù ò ti máa mú un?"

Mo wo rọ́ọ̀gì. Mo wo ìlà. Mo wo ojú rẹ̀ tó ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Ìka ẹsẹ̀ mi ò mọ ara wọn mọ́ nínú ìbọ̀sẹ̀ méjì tí mo wọ̀.

"Gbé e padà, Delmer," mo sọ fún un. "Ooru ń mú mi."