Òkè Mi àti Òpó Gresham

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Gresham Mphande, aládùúgbò mi, sọ fún ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan pé itẹ́ òkú ni òkè mi. Wọ́n ti fẹ́ ri òpó wọn síbẹ̀, kí wọ́n sì fa iná mànàmáná dé ilé mi. Ní Nkhata Bay níhìn-ín, ìlú wa létí adágún, ta ni yóò gbẹ́lẹ̀ nínú itẹ́ òkú? Mo búra títí, ẹnì kan ò gbọ́. Wọ́n gbé òpó lọ sí ilẹ̀ Gresham. Iná tàn ní ilé àlejò rẹ̀, èmi ń fi fìtílà jẹ ẹja usipa. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè mi a sọ̀ kalẹ̀, a ṣí fìlà, a rọra kọjá. N kò kí Gresham mọ́. Bí mo bá rí ewúrẹ́ rẹ̀ pàápàá, mo máa ń yí ojú.

Lọ́dún yìí, ìjọba ṣe òfin tuntun: ilé-iṣẹ́ tó bá ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún oníṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun ò lè ṣe é. Wọ́n tú òpó wọn, wọ́n dì í sínú ọkọ̀, wọ́n sì kúrò lórílẹ̀-èdè yìí. Àwọn àlejò tó máa ń ti òkèèrè gba yàrá lọ́wọ́ Gresham kò rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú yàrá mẹ́jọ, ọmọńlé nìkan ló ń sùn níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Mzuzu, tó ti gba ìwé àṣẹ, ṣetán láti wá, ṣùgbọ́n òpó tiwọn kúrú, òkè mi nìkan ló sì ga tó fún un. Òfin sì ní kí baálẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé kò sí sàréè níbẹ̀.

NyaMwase, baálẹ̀ wa, pè wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Wedson, ìwọ lo ni ilẹ̀. Ṣé sàréè wà níbẹ̀?"

"Màmá, ẹ bi Gresham. Òun ló mọ àwọn òkú náà."

Ẹ̀rín sọ.

"Ṣé gbogbo ìlú ló máa jìyà ìkùnsínú rẹ ni?" Gresham fi ìbínú sọ. "Olórí kunkun! Abájọ tó o fi bá tíṣà jà, tó ò padà sílé ìwé mọ́ láti kíláàsì kẹrin."

"Mi ò tíì dárí ji tíṣà yẹn náà."

NyaMwase dá wa lẹ́kun. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, tòun ti orúnkún tó ń dùn mí. Gresham, ta ni mò ń bọ̀wọ̀ fún gan-an?"

Gresham wolẹ̀. Ó wo ilé àlejò rẹ̀ tó dákẹ́ létí adágún. Ó dìde, ó ṣí fìlà.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Màmá. Èmi ni mo parọ́ mọ́ Wedson, torí mo fẹ́ kí òpó yẹn wà lọ́dọ̀ mi."

"Mi ò gbọ́ o," mo wí. "Sọ ọ́ sókè."

"Mo parọ́!" Ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn apẹja tó wà lójú omi wẹ̀yìn.