Kọ́kọ́rọ́ Fóònù Ìyá

Bí o bá fẹ́ rí ẹni tí kò sí àṣírí tó lè ta kókó fún, yà sí àdúgbò Nombakélé ní Libreville, nídìí ìkòkò àti abọ́ tí Wàrísù ń tà. Eré àwọn amí lórí tẹlifíṣọ̀n ni Wàrísù fi ń jẹun alẹ́. Ó ti wò ó títí ó fi di tirẹ̀: ọmọkùnrin kan yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, lẹ́tà aláwọ̀ ewé yóò máa rọ̀ bí òjò, bọ́ǹbù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bú. Ọmọkùnrin náà yóò ranjú mọ́ fọ́tò ìyàwó ọ̀daràn, yóò tẹ ọjọ́ ìbí obìnrin náà, yóò sì pariwo, "Je suis dedans!" Ó ti wọlé nìyẹn. Nínú eré, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan yẹpẹrẹ ti ilẹ̀kùn. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń tì í.

Ìyá Wàrísù wáá kú nílé rẹ̀ ní àdúgbò Avéa, fóònù rẹ̀ sì wà ní títì. Inú fóònù yìí ló gba ohùn ara rẹ̀ sí, tó ki oríkì ìdílé wọn délẹ̀. Ní gbogbo Libreville, kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀la sì ni wọn yóò sọ ọmọ tí Sheriffdeen, àkọ́bí Wàrísù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lórúkọ. Barthélemy tó ń tún fóònù ṣe ní òun lè ṣí i, àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi," ni Wàrísù wí.

Ó tẹ ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Ó kọ̀. Ìyá náà gan-an kò kúkú mọ ọjọ́ náà. Akọ̀wé tó ṣe carte de séjour, ìwé ìgbélùú, fún un ló bá a yan ọ̀kan. Ó tẹ ọdún tí bàbá rẹ̀ kú. Ó kọ̀. Fóònù wáá kìlọ̀: bó bá tún ṣì í tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á parẹ́.

Wàrísù na ìka. "Ó ti yé mi. Ọjọ́ ìbí tèmi ni. Ta ni Ìyá tún fẹ́ràn tó mi?"

"Ẹ dúró ná, ọ̀gá amí!" Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Sheriffu, ta ni Ìyá máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ní gbogbo Jímọ̀?"

"Èmi."

"Ṣé ẹ gbọ́ wọn?"

"Wọ́n ti gùn jù. Mo ní tí n bá ráyè..." Ojú rẹ̀ yà sí tẹlifíṣọ̀n.

Sìlífátù tọ́ka sí àpò rẹ̀. Wàrísù yọ fóònù tara rẹ̀ lápò. Àwọn ohùn Ìyá tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, kò sí èyí tó gbọ́ rí nínú wọn. Ó tẹ èyí tó gùn jù. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wúkọ́, ó wáá bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ ilé tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò..." Ó kì í, kò sinmi, títí ó fi kì í délẹ̀.

Wàrísù rò pé ó parí ni, àfi bí ìyá náà ṣe tún sọ̀rọ̀.

"Wàrísù, fi èyí pa mọ́ fáwọn ọmọ Sheriffu. Bí mi ò bá sí, tí o fẹ́ ṣí fóònù mi, òdo mẹ́rin ni. Ẹni tó tà á fún mi ló fi sí i bẹ́ẹ̀, mi ò yí i padà. O ò ṣáà bi mí rí."

Wàrísù nawọ́ pa tẹlifíṣọ̀n. Ó tún un gbọ́, láti ibi ikọ́.