Dókítà Eku àti Ọkàn Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Dókítà Eku ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó káfíńtà, inú ọkọ rẹ̀ sì máa ń dùn bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì ì bá bínú. Àmọ́ káfíńtà yìí ti rí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń fọwọ́ méjèèjì gbé eku funfun bí ẹni gbé ọmọ tuntun, tí á máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó tó wọ̀n ọ́n. Òun fúnra rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò tó ń gbé pákó bí ẹní gbé ìyẹ́, bí eku bá sáré kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀, orí àga ló máa ń bá ara rẹ̀.

Ilé ìwádìí oògùn ni ìyàwó náà ti ń ṣiṣẹ́. Ewé kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbìn sẹ́yìn ilé ló gbájú mọ́, ewé tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ẹni ta epo sí i. Láti kékeré ni Ìyá ti ń sè é mu. Ó ní ìyá tòun náà mu ún, pé ewé náà ni kì í jẹ́ kí àyà àwọn máa já.

"Ó dáa, Màámi," ni ìyàwó wí lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ kí n bi ewé yìí léèrè ọ̀rọ̀."

Ó sá ewé náà, ó lọ̀ ọ́, ó rẹ ẹ́, ó sẹ́ ẹ, ó wá pín àwọn eku sí ọ̀nà mẹ́ta. Omi lásán ni àwọn kan ń mu. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ tó máa ń ba iṣan ọkàn jẹ́. Àwọn tó kù ti ń mu omi ewé tipẹ́ kí wọ́n tó gba irú abẹ́rẹ́ yẹn. Káfíńtà ló kan pẹpẹ tí wọ́n to ilé àwọn eku sí, kò sì sí àwáwí tí kì í wá láti lọ wò ó bóyá ó ṣì dúró dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ń lọ wò. Bí ìwọ̀n omi ewé bá yẹ̀ bín-ń-tín, ṣe ló máa dà á nù, tí á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ láìkùn.

"Èmi ì bá kàn fojú díwọ̀n ẹ̀," ni ọkọ sọ.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń wọn ilẹ̀kùn nìyẹn?"

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí pẹpẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àbájáde jáde, ìyàwó wọlé, ó jókòó láìbọ́ bàtà. "Ó ṣiṣẹ́," ló wí. "Ọkàn àwọn tó mu ewé ò bàjẹ́ tó ti àwọn tí ò mu ún." Ojú rẹ̀ ń tàn, àmọ́ ohùn rẹ̀ wálẹ̀, torí ó ti rántí àwọn eku tí wọ́n ní láti pa kí wọ́n tó lè yẹ ọkàn wọn wò.

Ayọ̀ ọkọ ò ṣeé pa mọ́ra. Kí ìyàwó tó jáde nílé ìwẹ̀, ó ti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màámi, ewé yín ti yege o!"

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkàn Ìyá ti ń ṣàìsàn láti bí ọdún mélòó kan, hóró oògùn tí wọ́n fún un ní ọsibítù ló sì ti ń lò dípò ewé. Bó ṣe gbọ́rọ̀ ọmọ rẹ̀ báyìí, ó kó oògùn náà sẹ́yìn àpótí, ó wá sọ omi ewé di omi mímu. Kò sọ fẹ́nì kankan. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí alábàágbé rẹ̀ bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń já fẹ̀ẹ̀.

Nígbà tó lajú ní ọsibítù, dókítà ibẹ̀ bi í pé oògùn rẹ̀ dà.

"Oògùn wo?" ni Ìyá dáhùn. "Ìyàwó mi ti dán ewé mi wò. Ó yege."

Ó ṣe ọkọ bíi kí ilẹ̀ lanu. Ìyàwó wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì di ọwọ́ Ìyá mú.

Káfíńtà ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọjọ́ tí Ìyá bá gbádùn ni ìjà máa dé. Ìjà ò dé. Ṣe ni ìyàwó ní kó mú Ìyá wá síbi iṣẹ́ òun. Ó fi Ìyá jókòó jẹ́jẹ́ sídìí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Ìyá tẹjú mọ́ ọn. "Kí lèyí? Ó fàya bí aṣọ tí eku jẹ."

"Ọkàn eku tó gba abẹ́rẹ́ láìmu ewé ni." Ó pààrọ̀ rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Èyí dì mọ́ra. Ó kàn já díẹ̀díẹ̀ ni."

"Èyí ló mu ewé yín."

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ṣé mo sọ fún yín!"

"Òótọ́ lẹ sọ, Màámi. Àmọ́ ara eku yìí le kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ewé yín dáàbò bo ọkàn tó dá ṣáká. Bóyá ó lè tún èyí tó ti ń ṣàìsàn ṣe, mi ò tíì dán ìyẹn wò. Tiyín ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Oògùn ọsibítù ló ń bá yín gbé e ró."

"Kí n wá máa mu méjèèjì pọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Wọ́n lè bára wọn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Títí mo fi máa mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ọsibítù nìkan."

"Ìwọ dókítà, o ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ pákó, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú oníbàárà kankan rí. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ̀, lórí iṣẹ́ tó ti gba oorun lójú rẹ̀, kò sì tìtorí ìyẹn rẹlẹ̀ rárá.

Ìyá yíjú kúrò nídìí awò. "Ta ló máa wá sọ fún wa?"

"Àwọn eku ni."

Ẹ̀rín pa Ìyá títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa. Bá mi kí wọn. Ní kí wọ́n má pẹ́ o, mo ti dàgbà."

Láti ìgbà náà, Ìyá ò fi oògùn rẹ̀ ṣeré mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá tọrọ ewé, á ní kó lọ fara balẹ̀, ìyàwó òun ò tíì parí iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń já èyí tó tutù jù, tó ń ṣà á lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí.