Kókó Mẹ́ta Dókítà Whitcomb

Dókítà Whitcomb gbà pé torí òun ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn wa ní Duluth, dókítà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n kọ òwú tó fẹ́ràn láti fi rán ara aláìsàn sí. Sílíìkì nìkan ló wà lórí tiẹ̀ látòkè délẹ̀. Sílíìkì rọ̀, kì í bá ọwọ́ jà, béèyàn bá ta á ní kókó mẹ́ta, ó ti tó. Ọ̀lẹ ni ọwọ́ ọkùnrin náà, ó wá ń pe ọ̀lẹ ní ọgbọ́n.

Lọ́jọ́ náà, Arvo Niskanen ló wà lórí tábìlì, apẹja inú adágún. Àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti bẹ́ sínú, ọyún kún ikùn rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó ku kí wọ́n rán an. Àwọ̀n ló ń fà jẹun. Bí ojú ọgbẹ́ náà bá já, ìfun rẹ̀ á tú síta.

Verna, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gbé irinṣẹ́ fún dókítà, ní kí èmi nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn já irinṣẹ́ ṣí òwú náílọ́nù kan. Ó nà án sí Whitcomb.

"Kí lèyí? Ṣé o ò lè ka káàdì ni?"

"Mo kà á, Dókítà. Káàdì ò mọ̀ pé ọyún wà níbẹ̀. Wọ́n di sílíìkì bí irun ni, kòkòrò á sá pamọ́ sáàárín ẹ̀. Fọ́nrán kan ṣoṣo lèyí. Ibo ni wọ́n fẹ́ sá sí?"

"Ẹ wo ọ̀jọ̀gbọ́n!" Ó fi ìbínú gbà á, ó fi abẹ́rẹ́ gún un wọ ara, ó ta kókó mẹ́ta. "Gé e."

Verna gbé sísọ́ọ̀sì dání, kò gé nǹkan kan. "Náílọ́nù máa ń yọ̀, Dókítà. Kókó mẹ́fà ló ń fẹ́."

"Ogún ọdún ni mo ti ń ta kókó!"

"Ẹ fà á wò, nígbà náà."

Ó fà á. Kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tú wọ̀ọ̀. Ìbòmú bo ẹnu gbogbo wa. Mo rẹ́rìn-ín nínú tèmi títí tó fi rin.

Ó wá ń ta á ní mẹ́fà mẹ́fà, ó ń kùn, ìka rẹ̀ ń kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà tó fi ń mí kúrò lọ́nà ọ̀fun Arvo, ikọ́ mú un, ikọ́ tó mi tábìlì. Whitcomb fò mọ́ ikùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ojú ọgbẹ́ kò mira, kókó kan ò tú.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, Dókítà," ni Verna wí. "Ẹ jẹ́ kó mí."